Bí Mo Ṣe Wọn Gíga Igi Kan Láìgùn Ún: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ọjọ́ Mẹ́rin

Igi ńlá kan wà lẹ́yìn ilé tí mò ń tọ́jú. Ó ti ń gbẹ, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sì ti ń já lulẹ̀ fúnra wọn láìsí afẹ́fẹ́, nítorí náà ó di dandan kí a gé e. Ìhà mẹ́ta ni kò ṣeé wó o sí: ilé wà ní ọ̀kan, wáyà iná gba èkejì kọjá, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń rìn. Ìhà kan ṣoṣo tí ó kù ni ibi tí kòtò omi kan wà, ògiri sì wà ní òdì kejì kòtò náà. Ohun méjì péré ni agégi bi mí: báwo ni igi náà ṣe ga tó, báwo sì ni ògiri yẹn ṣe jìnnà sí ìdí rẹ̀ tó? Bí gíga igi bá ju àlàfo náà lọ, àfi kí ẹnì kan gun un, kí ó máa gé e wálẹ̀ ní abala-abala, bẹ́ẹ̀ igi tí ó ti gbẹ kò ṣeé fọkàn tán fún ẹni tí yóò gùn ún.

Téèpù kò lè dé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èmi fojú wọ̀n ọ́n, mo ní igi náà yóò tó mítà 10. Agégi fojú wọ̀n ọ́n, ó ní yóò tó 16. A kò lè wó igi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lórí ìyàtọ̀ mítà 6. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo onígun mẹ́ta méjì tí ó jọra: ọ̀kan kékeré tí ọwọ́ mi lè tó, ọ̀kan ńlá tí ọwọ́ mi kò lè tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní igun kan tí ó jẹ́ dígírì 90 gẹ́lẹ́. Bí àwọn igun wọn bá ti bára mu, iye ìlọ́po tí ìdùbúlẹ̀ ńlá fi ju ìdùbúlẹ̀ kékeré lọ náà ni gíga ńlá fi ju gíga kékeré lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò ju pé kí a sọ nọ́ńbà kan di púpọ̀, kí a sì pín in. Orí ilẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ṣe àwọn àṣìṣe tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

1. Ohun tí mo kó jọ

Mo kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ: téèpù ìwọ̀n mítà 30, ọ̀pá títọ́ kan tí mo gé sí mítà 1.50, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo so òkúta mọ́ nídìí kí n lè fi mọ̀ bóyá ọ̀pá dúró ṣánṣán, rọ́bà tín-ín-rín tí omi inú rẹ̀ hàn síta, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, dígí kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, abọ́ dúdú fífẹ̀ kan, pákó pẹlẹbẹ, èèkàn mẹ́fà, okùn, ìwé àti pẹ́ńsùlù. Téèpù nìkan ni mo yá, ìyókù wà nílé. Ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ mi ni àkókò: ó tó wákàtí 9 lápapọ̀, ó kéré tán wákàtí 4 nínú rẹ̀ ni mo sì fi ṣe ohun tí mo ní láti tún ṣe. Àbúrò mi wá ràn mí lọ́wọ́ láti ọjọ́ kejì lọ. Ó yẹ kí n ti pè é ní ọjọ́ kìíní.

2. Ọjọ́ kìíní: òjìji, ní èmi nìkan

Mo dúró de ìgbà tí òjìji ọ̀pá fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọ̀pá fúnra rẹ̀, nítorí pé bí oòrùn bá wà ní àtàrí, òjìji a kúrú jù, àṣìṣe kékeré níbẹ̀ a sì di ńlá. Mo gbé ọ̀pá náà ró lórí pèpéle símẹ́ńtì tí ó wà nítòsí, mo fi òkúta mẹ́ta há ìdí rẹ̀, mo sì fi okùn olókùúta wò ó títí ó fi dúró ṣánṣán. Òjìji rẹ̀ jẹ́ mítà 1.62. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ kan sí ṣóńṣó òjìji náà, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, mo sì lọ síbi òjìji igi.

Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́. Téèpù ń yọ̀ bọ́ ní ìdí igi, mo so ó mọ́ èèkàn. Koríko gbé e sókè ní àárín ọ̀nà, mo tẹ koríko mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi rí iye tí mo gbà pé ó péye, mítà 16.60, ó ti lé ní ogún ìṣẹ́jú. Mo ṣírò rẹ̀ báyìí:

16.60 × 1.50 ÷ 1.62 = mítà 15.37

Mo gba iye yìí gbọ́. Mo tilẹ̀ ránṣẹ́ sí agégi pé igi náà yóò kan ògiri, kí ó múra láti máa gé e láti òkè. Lẹ́yìn náà ni mo padà lọ gbé ọ̀pá mi. Òkúta wẹ́wẹ́ tí mo fi sí ṣóńṣó òjìji kò sí ní ṣóńṣó mọ́. Àárín òjìji ni ó wà, ṣóńṣó náà sì ti fi sẹ̀ǹtímítà 40 kọjá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tẹjú mọ́ etí òjìji náà, mo sì rí i bí ó ṣe ń wọ́ kọjá lórí ihò kékeré kan tí ó wà lára símẹ́ńtì, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ayé ń yí dígírì 15 láàárín wákàtí kan, èyí ni dígírì 1 ní ìṣẹ́jú 4 kọ̀ọ̀kan. Láàárín ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ tí mo fi ń bá téèpù jà, oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ ní bíi dígírì 5 sí 6. Onígun mẹ́ta tí mo wọ̀n níbi ọ̀pá kò jọ èyí tí mo wọ̀n níbi igi rárá: oòrùn kan ni ó ṣe ọ̀kan, oòrùn mìíràn ni ó ṣe èkejì. Mo wọn òjìji ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti di 2.02, gíga igi sì di 12.33 lójú kan náà. Mítà 3 ti fò kúrò nínú iye tí mo fi ránṣẹ́. N kò lè fọkàn tán 12.33 náà, nítorí pé àkókò ti tún lọ kí n tó padà débi ọ̀pá. Mo pe agégi pé kí ó má ì múra, mo sì fa ilà gbọọrọ lórí gbogbo ojú ìwé náà.

3. Ọjọ́ kejì: òjìji, ní ènìyàn méjì

Àbúrò mi dúró níbi òjìji igi, èmi dúró níbi ọ̀pá. Ó kígbe, àwa méjèèjì sì ri èèkàn mọ́ ṣóńṣó òjìji tiwa ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Láti ìgbà yẹn lọ, a lè fi sùúrù wọ̀n ọ́n, nítorí pé èèkàn kò ní kúrò níbi tí ó wà bí oòrùn tilẹ̀ ń rìn. Òjìji ọ̀pá jẹ́ 1.65. Ti igi jẹ́ 13.24, láti ara èèpo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èèpo yìí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Gíga igi kò bẹ̀rẹ̀ láti ara èèpo, láti àárín ìtí rẹ̀ ni, ní abẹ́ ṣóńṣó gan-an. Mo ta okùn yí ìtí náà ká, ó jẹ́ mítà 1.32. Mo pín in sí ọ̀nà 3.14, mo rí i pé ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42. Ìdajì rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 21, ni mo ní láti fi kún òjìji, tí ó fi di 13.45. Sẹ̀ǹtímítà 21 yìí nìkan fi 19 kún gíga igi. A ti ń gbọ́ ọ láti ayé àtijọ́ pé Thales ará Miletus, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì kan ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù, fi òjìji wọn gíga pírámídì ní Íjíbítì. Ohun kan náà yóò pàdé rẹ̀ níbẹ̀, àfi pé tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ fíìfíì: ìdí pírámídì tí ó tóbi jù fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 230, nítorí náà, bí mítà 115 nínú òjìji rẹ̀ ni òkúta ti bò mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè ta okùn síbẹ̀.

Ohun kejì ni pé ilẹ̀ náà kò tẹ́jú. A da omi sínú rọ́bà, a gbé ìpẹ̀kun kan sí ìdí igi, a gbé èkejì sí èèkàn ṣóńṣó òjìji. Ojú omi máa ń dọ́gba ní ìpẹ̀kun méjèèjì, òun ni ó sì fi hàn wá pé ilẹ̀ tí èèkàn wà fi sẹ̀ǹtímítà 35 ga ju ìdí igi lọ. Bí ó ṣe rí nìyí:

13.45 × 1.50 ÷ 1.65 = 12.23, 12.23 + 0.35 = mítà 12.58

Téèpù tí ó gba orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà kan gùn ju èyí tí ìbá lọ gbọọrọ lọ, nítorí náà n kò dá a lóhùn. Èmi ni mo fa wàhálà rọ́bà sí ara mi nígbà tí mo gbé ọ̀pá sórí pèpéle tí ó tẹ́jú. Ká ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà ni mo gbé e ró sí, ní ìhà kan náà, igun tí ó wà nídìí wọn kì bá jẹ́ dígírì 90 mọ́, ṣùgbọ́n onígun mẹ́ta méjèèjì ìbá ṣì jọra, n kì bá sì ní ohunkóhun láti fi kún un.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀ sí 12.58. Ṣóńṣó òjìji igi náà kò lójú. Ti ọ̀pá ṣe rúrú ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3 péré, ṣùgbọ́n ti igi ṣe rúrú ní ohun tí kò dín ní 25, láti ibi tí ó dúdú títí dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti mọ́ tán. Oòrùn kì í ṣe ẹyọ ojúàmì kan lójú ọ̀run. Ó fẹ̀ tó ìdajì dígírì, òjìji ohunkóhun tí ó bá sì jìnnà sílẹ̀ a máa yọ́ létí. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀ka tín-ín-rín tí ó wà lókè pátápátá kì í ní òjìji tí a lè rí rárá. Láti orí igi náà dé ilẹ̀, ní ipa ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, lé ní mítà 18. Ẹ̀ka tí kò bá nípọn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 17 kò lè bo ojú oòrùn tán láti ibẹ̀. Nítorí náà, òjìji yóò máa fi gíga igi hàn ní kíkéré sí bí ó ṣe rí, bẹ́ẹ̀ kíkéré gan-an ni àṣìṣe tí ó lè wó ògiri ẹni.

4. Ọjọ́ kejì, ọ̀sán: dígí, lẹ́yìn náà omi

Ọ̀nà tí kò nílò oòrùn ni mo fẹ́ báyìí. A gbé dígí sílẹ̀, ẹni tí ó ń wò a máa rìn sẹ́yìn títí yóò fi rí orí igi ní àárín dígí. Gíga ojú rẹ̀ àti àlàfo tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti dígí ni onígun mẹ́ta kékeré. Igi àti àlàfo tí ó wà láàárín ìdí rẹ̀ àti dígí ni ńlá. Ẹ̀gbẹ́ igi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú ni mo yàn, mo sì gbé dígí sí mítà 12.00 gééré láti àárín ìtí rẹ̀. Oòrùn wà lẹ́yìn mi nígbà yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán èyí wò ní ìhà tí oòrùn ti lè tinú dígí wọ ojú yín.

Gíga ojú mi láti ilẹ̀ jẹ́ 1.56. Mo rí orí igi nígbà tí mo dúró ní 1.33:

12.00 × 1.56 ÷ 1.33 = mítà 14.08

Iye yìí fi mítà kan ààbọ̀ ju ti òjìji lọ. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà, ìyẹn ni ó sì fi yé mi pé kì í ṣe ojú mi ni ó ṣìnà. Nígbà tí mo gbé dígí náà sókè, mo bá igi kékeré kan tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ kékeré lọ, tí ó ti há sábẹ́ rẹ̀ ní etí tí ó kọjú sí mi. Ó gbé etí yẹn sókè ní bíi mílímítà 7. Lára dígí sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn jẹ́ dígírì 1 ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ta padà lára dígí máa ń yà ní ìlọ́po méjì ohun tí dígí fi tẹ̀. Dígírì 2 ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni ó ti yà kí ó tó dé ojú mi.

Mo gbìyànjú láti fi iyanrìn tẹ́ ìdí dígí náà, ó sì gbà mí ní nǹkan bí ìdajì wákàtí láìyọrí. Àbúrò mi ni ó béèrè pé kí ló dé tí a kò lo omi, níwọ̀n ìgbà tí omi kì í dàgẹ̀rẹ̀. A gbé dígí kúrò, a gbé abọ́ dúdú sí ojú kan náà, a sì bu omi sí i títí ojú omi fi ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ilẹ̀. Orí igi hàn nínú rẹ̀ kedere, àní ẹ̀ka tín-ín-rín tí òjìji kò fi hàn mí rí, mo rí wọn níbẹ̀ bí irun lójú ọ̀run. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, gbogbo rẹ̀ a dàrú, a ó sì dúró títí omi yóò fi parọ́rọ́.

Ìṣirò rẹ̀ yí díẹ̀. Ojú omi ni ìpìlẹ̀ báyìí, nítorí náà gíga ojú mi di 1.46, a ó sì fi 0.10 kún èsì lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó, mo sì yí ojú kúrò pátápátá láàárín ọ̀kan sí èkejì kí ẹsẹ̀ mi má baà padà sí ojúkò ti tẹ́lẹ̀. Mo dúró ní 1.36, 1.37 àti 1.39. Gíga igi jẹ́ 12.98, 12.89 àti 12.70, bí a bá pín wọn dọ́gba, 12.86.

Ẹ wo bí sẹ̀ǹtímítà 3 níbi ẹsẹ̀ mi ṣe di 28 lórí igi. Onígun mẹ́ta ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 9 kékeré, ìlọ́po 9 náà ni ó sì ń sọ àṣìṣe mi dà. Láti ibi yìí ni mo ti pinnu pé onígun mẹ́ta kékeré kò gbọ́dọ̀ kéré ju bí mo bá ṣe lágbára láti mú un tóbi lọ. Mo tún rí i nínú ìwé mi pé gíga gbogbo ara mi, 1.68, ni mo kọ́kọ́ kọ síbi tí ó yẹ kí gíga ojú mi wà. Ìbá ti sọ 12.89 di 13.94.

5. Ọjọ́ kẹta: pákó onígun mẹ́ta

Mo gé pákó sí onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan jẹ́ dígírì 90, tí ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó pàdé níbẹ̀ sì dọ́gba ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bí ènìyàn bá gbé e sójú, tí ó wo orí igi gba ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀, tí okùn olókùúta sì lé ẹ̀gbẹ́ kan ṣánṣán, àlàfo láti ojú rẹ̀ dé igi dọ́gba pẹ̀lú ohun tí igi fi ga ju ojú rẹ̀ lọ. Kò sí pé a ń pín nǹkan kan. Gíga ojú nìkan ni a ó fi kún un.

Pákó àkọ́kọ́ kò dára. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n tán ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ 30.0, èkejì 29.2, ayùn ti jẹ mílímítà 8 níbẹ̀. Ní mítà 11, mílímítà 8 yẹn á di sẹ̀ǹtímítà 30. Mo gé òmíràn, mo sì wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó gbé e jáde.

Bí mo ṣe ń rìn sẹ́yìn tí àbúrò mi ń wo okùn, mo gba 11.55 ní ẹ̀gbẹ́ kan igi, mo sì gba 10.93 ní ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí i. Ìyàtọ̀ náà bà mí lẹ́rù kí ó tó yé mi: igi náà kò dúró ṣánṣán. Orí rẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 31 tẹ̀ síhà tí mo ti gba 11.55. Bí a bá pín méjèèjì dọ́gba, títẹ̀ náà á parẹ́, á ku 11.24. Mo fi 1.56 kún un, ó jẹ́ mítà 12.80. Ẹ̀gbẹ́ tí abọ́ omi wà ní àná kò sí ní ipa títẹ̀ yìí, ìyẹn ni kò fi ba tirẹ̀ jẹ́. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo lò, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé àṣìṣe kì í di ìlọ́po lórí ilẹ̀: sẹ̀ǹtímítà kan níbi ẹsẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan lórí igi.

6. Ọ̀nà kan tí n kò gbára lé

Bí ènìyàn kò bá lè dé ìdí ohun tí ó ń wọ̀n ńkọ́? Liu Hui, onímọ̀ ìṣirò kan, ti kọ èyí sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà ní ọdún 263: a ó gbé ọ̀pá ró ní ibi méjì tí ó wà lórí ìlà kan náà, a ó sì wo orí ohun náà gba orí ọ̀pá láti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dán an wò. Ọ̀pá 1.50, ibi méjèèjì sì fi mítà 5 jìnnà síra. Mo dojú bolẹ̀, mo wò ó. Ní ibi àkọ́kọ́, ojú mi wà ní 1.33 sí ọ̀pá, ní ìkejì 2.03. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.70:

1.50 × 5 ÷ 0.70 + 1.50 = mítà 12.21

Ó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 kéré sí ti pákó. Ìyàtọ̀ 0.70 yẹn ni gbogbo ìṣirò dúró lé, bí mo bá sì fi sẹ̀ǹtímítà 4 péré ṣìnà nínú rẹ̀, 60 náà nìyẹn. Ọ̀nà náà tọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ibi méjì tí ó jìnnà síra gan-an, n kò sì ní àyè rẹ̀.

7. Ọjọ́ kẹta, ìrọ̀lẹ́: àlàfo igi sí ògiri

Mo yan ojúàmì kan ní ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí ọ̀dà ti ṣí, tí ó kọjú sí àárín igi. Láti ìdí igi, mo na okùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò omi ní mítà 10, mo sì ri èèkàn kejì. Okùn yìí ní láti ṣe dígírì 90 pẹ̀lú ìlà tí ó lọ sí ògiri. Mo tẹ̀ síwájú lórí ìlà kan náà, mo ri èèkàn kẹta, mo yà kúrò ní ìhà omi ní dígírì 90, mo sì rìn lọ títí èèkàn kejì fi bo ojúàmì ara ògiri náà gẹ́lẹ́. Onígun mẹ́ta méjì pàdé ní èèkàn kejì: ọ̀kan lórí omi, ọ̀kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ́dọ̀ mi.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, mítà 1 péré ni mo tẹ̀ síwájú, mo sì fi ojú lásán ya igun. Mo rìn 1.53, èyí tí ó sọ pé ògiri jìnnà ní mítà 15.30. Ìlọ́po 10 ni mo ń ṣe níbẹ̀, ìlànà tí mo ti pinnu lánàá kò sì sí lọ́kàn mi. Ní ìgbà kejì, mo tẹ̀ síwájú ní mítà 5, mo sì fi okùn oníkókó ya igun: mítà 3, 4 àti 5, tí igun rẹ̀ tí ó wà láàárín 3 àti 4 kò lè ṣe ohun mìíràn ju dígírì 90 lọ bí gígùn wọn bá péye. Okùn ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ lò. Nígbà tí mo fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbẹ́ mítà 5 ti fà di 5.10, igun náà sì ti ṣí ju dígírì 92 lọ. Mo jù ú sílẹ̀, mo sì fi téèpù fúnra rẹ̀ ya igun náà.

Mo rìn 7.08 ní ìgbà kan, 7.11 ní ìgbà kejì. Ìlọ́po 2 péré: 14.16 àti 14.22.

Fún ìpinnu, n kò pín nǹkan kan dọ́gba. Nínú gíga igi, mo mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo fọkàn tán, 12.98, nínú àlàfo, mo mú èyí tí ó kéré jù, 14.16. Ó ku mítà 1.18. Agégi wò ó, ó ní àyè tó bẹ́ẹ̀ tó fún òun, ṣùgbọ́n òun yóò ṣì so okùn mọ́ ọn.

8. Ọjọ́ kẹrin: igi lórí ilẹ̀

Igi náà wó la kòtò omi kọjá láàárọ̀, orí rẹ̀ sì balẹ̀ sórí koríko ní òdì kejì. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àbúrò mi ti gbé téèpù. Láti ojú ibi tí a ti gé e dé ṣóńṣó jẹ́ 12.51. Ṣóńṣó náà ti ṣẹ́ nígbà tí ó balẹ̀; a wá a nínú koríko, a sì tò ó padà síbi tí ó ti ṣẹ́ kí a tó wọ̀n ọ́n. Kùkùté tí ó kù nílẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 31. Àpapọ̀ wọn jẹ́ mítà 12.82. Pákó fi sẹ̀ǹtímítà 2 ṣìnà, omi fi 4, òjìji ọjọ́ kejì fi 24, òjìji ọjọ́ kìíní sì fi mítà 2.55.

Mo fi pẹ́ńsùlù wọn ìpọn ẹ̀ka tí ó gbẹ̀yìn lókè pátápátá, èyí tí òjìji kò fi hàn wá. Kò nípọn ju pẹ́ńsùlù náà lọ. Láti ṣóńṣó rẹ̀ dé ògiri jẹ́ mítà 1.60.